Ariwo Kọ́ Ni Í Mú Ọ̀rọ̀ Yéni

Ní ìlú oko bí Erúnmu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, etí a máa mọ àkókò kí ojú tó rí i. Àkùkọ á kọ, ìpè àdúrà á dún, agogo ṣọ́ọ̀ṣì á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìlọta á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìwọ̀nba ènìyàn ni í bínú sí irú ìró bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìró iṣẹ́ àti ti ìsìn ni. Ohun tí ó ti wá di ìṣòro, ní ibẹ̀ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú tí ó yí Ìbàdàn ká, ni sípíkà ẹlẹ́nu gbàràmù tí a so mọ́ orí òpó, tí a kọ ẹnu rẹ̀ sí ìta, tí ó sì ń ké láti àṣálẹ́ títí di ìdájí. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní òpin àdúgbò kò lè sùn. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni pé ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn gan-an lè má gbọ́ ohun tí oníwàásù ń sọ ní àgbọ́yé.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé àwọn olùgbọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ilé ìjọsìn máa ń ṣe ni pé wọ́n á dá owó jọ láti ra sípíkà tí ó tún tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà. Ẹni tí ó bá mọ bí ìró ṣe ń rìn yóò rí i pé owó tí ó yẹ kí ó ra aṣọ àti àjà ni wọ́n fi ń ra ariwo.

Dùndún lè ṣàlàyé ohun tí ìró jẹ́. Bí onílù bá fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ, awọ á gbọ̀n. Á ti afẹ́fẹ́ tí ó wà nítòsí, afẹ́fẹ́ yẹn á ti èyí tí ó tẹ̀lé e, títí tí yóò fi kan awọ inú etí. Bí onílù bá fún ọṣán mọ́ra, awọ á le, á máa yára gbọ̀n, ohùn á sì lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ tí kò tutù jù, ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò yá tó ìmọ́lẹ̀ rárá. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ tí ó wà ní òdì kejì àfonífojì fi ń rí àáké tí ó balẹ̀ kí ó tó gbọ́ dídún rẹ̀, tí mànàmáná sì ń ṣáájú àrá. Bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta bá wà láàárín mànàmáná àti àrá, ibi tí àrá náà ti sán jìnnà tó nǹkan bíi kìlómítà kan.

Ìró tí ó bá kan ògiri kì í sábà kú síbẹ̀. Ohun tí ó rọ̀, tí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, bíi koríko ìbolé, aṣọ tí ó nípọn àti ara ènìyàn, a máa gbé e mì. Ohun tí ó le tí ó sì ń dán, bíi ògiri símẹ́ńtì, táìlì àti gíláàsì, a máa dá a padà. Gbọ̀ngàn ńlá òde òní kún fún ìkejì, ìkínní kò sì tó nǹkan nínú rẹ̀. Ohùn oníwàásù á dé etí olùgbọ́ láti ẹnu sípíkà. Á tún dé láti ògiri ọ̀tún, láti ti òsì, láti ilẹ̀ àti láti òkè. Ìró sílébù kan kò tíì tán tí sílébù kejì fi gorí rẹ̀. Sípíkà tí ó tóbi sí i kò lè tún èyí ṣe, nítorí pé bí ó ti ń gbé ohùn àkọ́kọ́ ga ni ó ń gbé èyí tí ń padà bọ̀ ga pẹ̀lú.

Irú ìṣòro yìí ni Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà bá pàdé ní ọdún 1895. Gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan nínú ilé ohun ọnà Fogg ń dún débi pé ọ̀rọ̀ olùkọ́ kò yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní kí ọ̀dọ́ onímọ̀ físíìsì kan, Wallace Sabine, wá ojútùú sí i. Ní òru, Sabine a máa kó tìmùtìmù láti orí àga gbọ̀ngàn mìíràn wá síbẹ̀, a sì máa wọn iye àkókò tí ìró fi ń wà nínú afẹ́fẹ́ kí ó tó kú. Ó rí i pé bí ilé bá ti tóbi tó ni ìró ń pẹ́ tó, bí ohun rírọ̀ inú rẹ̀ bá sì ti pọ̀ tó ni ìró ń tètè kú tó. Ìmọ̀ yẹn ni wọ́n fi kọ́ gbọ̀ngàn orin ìlú Boston tí wọ́n ṣí ní ọdún 1900. Kò gbé ohùn ẹnikẹ́ni ga. Ilé ni ó tún ṣe.

Ẹni tí ó wà nínú ilé rẹ̀ lókèèrè ńkọ́? Kọ́ńsónáǹtì ni ó kọ́kọ́ ń sọnù lójú ọ̀nà, nítorí pé agbára rẹ̀ kéré. Ohun tí ó kù ni gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ ohùn, bí ẹni pé dùndún ni ó ń fọhùn. Ní ojú ìlù, “owó” àti “ilé” kò yàtọ̀. Àwọn àyàn mọ èyí dáadáa, ìdí nìyí tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀: odindi oríkì tàbí òwe tí àwùjọ ti mọ̀ ni wọ́n ń lù. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn ń fi dùndún ṣe àmì ìdánimọ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìlù ń pè, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tiwọn nípa oyè Olúbàdàn sí i. Ìlù yẹn dá àwọn ènìyàn lára yá. Sípíkà òru kò fún ẹni tí ó wà lórí ibùsùn ní oríkì tí yóò fi tú u. Àìsùn nìkan ni ó fún un.

Òru fúnra rẹ̀ tún ń dá kún un. Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ tí ó sún mọ́ ilẹ̀ gbóná ju ti òkè lọ, ìró a sì máa tẹ̀ sókè lọ. Ní òru tí ojú ọ̀run mọ́, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́, ilẹ̀ á tutù, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ á tutù ju ti òkè lọ, ìró á sì tẹ̀ padà wá sí ilẹ̀. Sípíkà tí kò kọjá ojúlé mélòó kan lọ́sàn-án lè dé abúlé kejì ní ọ̀gànjọ́.

Àìsùn nìkan kọ́ ni ewu rẹ̀. Ariwo decibel 85 fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá. Bí decibel mẹ́ta bá ti kún un, àkókò náà á dín sí ìdajì. Bí ó bá fi dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni ó kù. Irun wẹ́wẹ́ inú etí tí ariwo bá pa kì í hù mọ́. Ẹni tí ó ń dúró ti ẹ̀rọ ìlọta láti òwúrọ̀ di alẹ́ àti ọmọ tí wọ́n gbé sí iwájú sípíkà ní ibi ìnáwó wà nínú ewu kan náà.

Àwọn kan yóò sọ pé Yorùbá kì í ṣe ẹ̀yà tí ń dákẹ́, pé ìlù àti ìyìn ni ayé wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n onílù ní ẹni tí ó ń lù ú fún, ó sì ní ìgbà tí ó ń gbé ìlù kọ́. Òfin pẹ̀lú wà: àjọ NESREA ní ìlànà lórí ariwo láti ọdún 2009, ìjọba Èkó sì ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo ní ọdún 2016. Àgádágodo lè pa ẹnu sípíkà dé, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìdí tí ọ̀rọ̀ kò fi yé àwọn tí ó wà nínú ilé.

Ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe ní Erúnmu àti àwọn ìlú bíi tirẹ̀ kò le. Kí wọ́n kọ ẹnu sípíkà sí inú, kí wọ́n sì lo kéékèèké mélòó kan nítòsí àwọn olùgbọ́ dípò ńlá kan. Kí wọ́n ta aṣọ tí ó nípọn sí ara ògiri ẹ̀yìn, kí wọ́n sì fi àjà tí ó rọ̀ sí òkè, kì í ṣe oníke tí ń dán. Kí olówó ẹ̀rọ ra ìdíwọ́ etí fún ẹni tí ó ń lọ ata. Kí ìjọba náà rántí kíláàsì tí kò ní àjà, níbi tí olùkọ́ ti ń dákẹ́ nígbàkigbà tí òjò bá ń lu páànù, tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sì ń bá òjò lọ.

Kí ìgbìmọ̀ kankan sì tó ra sípíkà mìíràn, kí ẹnì kan lọ dúró sí àárín gbọ̀ngàn tí ó ṣófo, kí ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ìró náà bá ṣì ń lọ lẹ́yìn tí ọwọ́ ti dákẹ́, aṣọ àti àjà ni gbọ̀ngàn náà ń béèrè.