Ẹ má pe gbogbo ìrora ẹsẹ̀ ní ọjọ́ ogbó

Ní ìgbà òtútù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kan wá kí wa nílé. A jọ ń rìn lọ síbi tí a ti máa wọ bọ́ọ̀sì, ìrìn tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dúró. Wọ́n ní ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń fún àwọn, pé táwọn bá ti sinmi díẹ̀, á lọ. "Ọjọ́ ogbó ni jàre," wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ìrora tó ń dé nígbà ìrìn, tó ń lọ nígbà ìsinmi, ó lè jẹ́ pé ọ̀rá ti ń dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sẹ́sẹ̀. Sìgá, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun tó ń fà á. Iṣan tó bá sì ti ń dí lẹ́sẹ̀, ti ọkàn náà lè ti máa dí. Ní Amẹ́ríkà yìí, wọ́n ń gé ẹsẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì ní kí n fọkàn balẹ̀: "Ọ́ńkù, wọ́n ti ń wá bí iṣan tuntun ṣe máa hù." Kò parọ́. Láti 1971 ni Dókítà Judah Folkman ní Boston ti kọ̀wé pé kókó jẹjẹrẹ máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù wá bọ́ òun. Ọ̀pọ̀ ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, àmọ́ nígbà tó di 2004, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Avastin, oògùn tó ń dènà irú iṣan bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wá ní, tí a bá lè dá a dúró, ṣé a ò lè mú un hù fẹ́ni tí iṣan rẹ̀ dí? Wọ́n dán an wò lára èèyàn 525 tí ẹsẹ̀ wọn ti bàjẹ́ gan-an. Nígbà tí èsì jáde ní 2011, gígé ẹsẹ̀ àti ikú ò dín kù rárá.

Ọkàn ńkọ́? Ní 2009, àwọn onímọ̀ ní Sweden fi ohun tí bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n dán wò láyé ọjọ́un fi sínú ara wa mọ ọjọ́ orí ẹran ọkàn. (Ẹ wo ibi tí ọgbọ́n ti ń wá!) Lọ́mọ ọdún 25, nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ń di tuntun lọ́dún. Tó bá fi máa di ọdún 75, kò tó ìdajì ìyẹn mọ́. Èyí tó bá kú níbẹ̀, kò rọrùn láti dá padà.

N ò bá ìwádìí jà o. Tí wọ́n bá pè wá sí i, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n léèrè dáadáa, ká sì lọ. Ohun tí mò ń bá jà ni ká jókòó máa dúró dè é, ká máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lónìí, ká fi í sílẹ̀ lọ́la. Ẹ ní kí dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ yín lápá àti lọ́rùn ẹsẹ̀, kó fi wéra. Kò ní abẹ́rẹ́ nínú.

Mo tún pe ẹ̀gbọ́n mi lánàá. Wọ́n ní àwọn ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà, Thursday ni. Mo ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́, èmi ni mo máa wà wọ́n lọ.