Ẹ̀kọ́ ìṣàkóso okòwò tí kò dé ọjà kò tíì pé

Ọ̀nà kan ò wọjà, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà ń wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ yunifásítì ní ìṣàkóso okòwò yóò rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, ìyẹn ọ̀nà iléeṣẹ́ ńlá. Ìyá aláta, télọ̀ tó ní ọmọṣẹ́ mẹ́ta, abirùn tó ń tún fóònù ṣe, wọn kì í sáábà sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Frederick Taylor, ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé olókìkí rẹ̀ lọ́dún 1911, ojú ọ̀gá ló fi wo lébìrà. Nígbà tí Lillian Gilbreth kọ tirẹ̀ lọ́dún 1914, L. M. Gilbreth ni wọ́n tẹ̀ sára ìwé náà, kó má baà hàn pé obìnrin ló kọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀, àpẹẹrẹ wà nílé. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọlọ́jà l'Ékòó, kò kàwé. Lọ́dún 1940, ìjọba amúnisìn fẹ́ gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin tó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún. Òun àtàwọn ọlọ́jà fẹ̀hónú hàn títí ìjọba fi sún un sí £200. Bí èyí kì í bá ṣe ìṣàkóso, kí ni?

Àwọn oníṣòwò kéékèèké ló ń jìyà àìka ìmọ̀ yìí sí. Ìyá tó ti ń dájọ́ lógún ọdún láìjẹ gbèsè yóò dé báǹkì, ìwé tí kò ní ni wọn yóò béèrè. Kò sẹ́ni tí yóò bi alájọ rẹ̀ léèrè. Lóòótọ́, orí nìkan kò tó láti fi pa ìṣirò mọ́: bí ọlọ́jà bá kú, gbèsè tó wà níta a bá a lọ. Ìwádìí tó yè kooro ni yóò fi ibi tó dáa àti ibi tó kù hàn.

Nítorí náà, ó yẹ káwọn olùkọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Bódìjà àti Gbági, kí wọ́n jókòó ti ọlọ́jà bí ẹni jókòó ti olùkọ́. Ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà náà jẹ́ kí ọmọṣẹ́, opó àti abirùn sọ̀rọ̀ nípàdé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.