ALÁWÀDÀ KÌ Í ṢE ALÁÌNÍṢẸ́

 

Àsìkò tí àwọn JSS 3 máa yan Sáyẹ́ǹsì, Áàtì tàbí Kọmáṣà ti tó. Ọ̀rọ̀ kan náà la ó tún máa gbọ́: "Fi eré sílẹ̀, kọjú mọ́ nǹkan kan!" Tí ọmọ bá mọ orin kọ, tó mọ ìlù lù, tó tún lè pa kíláàsì lẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kò ní láárí. Èmi ò gbà. Ẹ jẹ́ ká wo Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Bàbá Sàlá.

Àwọn òbí wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Púpọ̀ nínú wa, orúkọ lásán la gbọ́. Orin ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1964, ó ní ẹgbẹ́ olórin háílàìfù kan, Federal Rhythm Dandies. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń ta gìtá fún un níbẹ̀? Sunny Adé ni, kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Láti ibi orin ni Bàbá Sàlá ti bọ́ sórí ìtàgé. Láyé ìgbà yẹn, bí ẹní fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ ni àwọn eléré ṣe ń fi àwàdà sínú eré. Bàbá Sàlá sọ àwàdà di odidi ọbẹ̀. Ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀ dé orí WNTV n'Ìbàdàn níbí, tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959. Ẹ wo ìmúra rẹ̀: férémù awò ojú tí kò ní gíláàsì, táì ọrùn tó tóbi bí abẹ̀bẹ̀, aago ògiri tó so mọ́wọ́ bí aago ọwọ́. Kó tó la ẹnu, èrò ti ń rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan á ní, "Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo." Òótọ́ lòwe yẹn, ṣùgbọ́n eku kan ṣoṣo ni Bàbá Sàlá ń lé, ọ̀nà tó gbà lé e ló pọ̀. Bí èèyàn á ṣe jókòó tì í tí kò ní fẹ́ dìde ló ń wá. Etí tó fi mọ orin ló fi mọ ìgbà tó yẹ kí ọ̀rọ̀ já lu èrò kí wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Charlie Chaplin, ọmọ ìlú London, náà ń ṣeré, ó ń darí fíìmù, òun náà ló tún ń ṣe orin sí i.

Ibi tó dùn mí jù ni ti fíìmù Ọ̀run Móoru tó gbé jáde ní 1982, tí Ọlá Balógun darí. Ọkùnrin tí oníṣègùn èké lù ní jìbìtì ni Bàbá Sàlá ṣe nínú rẹ̀. Àfi bíi pé eré di òótọ́: wọ́n jí fíìmù náà, wọ́n dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á kiri. Owó rẹpẹtẹ wọgbó, gbèsè dé. Ká ní fíìmù nìkan ló mọ̀, ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Àmọ́ ó ṣì ní ìtàgé, ó ṣì ní ẹnu, ó ṣì ní ẹgbẹ́. Ní 1985, ó gbé fíìmù míì jáde, ó pè é ní Mosebọ́látán. Ẹ tún orúkọ yẹn pè kẹ́ ẹ gbọ́ ọ: ẹni tó ṣebí ọlá tán, irọ́ ló pa! Ọdún 2018 ló kú, lẹ́ni ọdún 82, títí dòní làwọn àgbà sì ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀.

Àwa tá a wà l'Ajíbọ́dé, ẹ̀yìn Yunifásítì Ìbàdàn la wà. Àwọn òbí máa ń nàka sí ọgbà náà pé ibẹ̀ ni dókítà àti lọ́yà ti ń jáde. Bẹ́ẹ̀ ni. Inú ọgbà yẹn kan náà ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní tíátà títí tó fi máa gba dìgírì.

Mi ò ní ká má kàwé o. Ẹni tí ò kàwé, báwo ló ṣe fẹ́ kọ eré sílẹ̀? Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀ yín: tí ọmọ bá ní ẹ̀bùn méjì, ẹ má ní kó pa ọ̀kan. Ẹ bá a wá àyè fún méjèèjì. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ yéé pín fíìmù olówó lọ́fẹ̀ẹ́ láti fóònù dé fóònù. Irú ẹ̀ ló kó Bàbá Sàlá sí gbèsè. Ẹni tó pa yín lẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ló ṣe, ẹ jẹ́ kó jèrè iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọjà.