Ibi Tí Awọ́nríwọ́n Ń Yé Sí

Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ní àdúgbò wa ní Àjùwọ̀n, ariwo kan náà la máa ń gbọ́: "Awọ́nríwọ́n wà nínú gọ́tà o! Ejò ti wọ ilé!" Àwọn ọ̀dọ́ á yọ pẹ̀lú igi àti àdá, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti pa á. Mo fẹ́ gbèjà ẹranko yìí lọ́sẹ̀ yìí, torí pé àwa la lọ bá a nílé, òun kọ́ ló wá bá wa.

Odò Ògùn ló gba ẹ̀gbẹ́ Akúte wa níbí kọjá, níbi tí wọ́n ti ń fa omi lọ sí ilé-iṣẹ́ omi Ìjú àti Àdìyàn fún àwọn ará Èkó. Àbàtà ló pọ̀ létí odò náà, bẹ́ẹ̀ ló sì rí lọ́hùn-ún ní apá Ìbàfo. Àbàtà yìí la ń da yanrìn sí, típà lé típà, tí a ń gé sí pulọ́ọ̀tì tà.

Kò sí ẹranko tí kò fẹ́ oúnjẹ, omi, ibi tí yóò sá pamọ́ sí àti ibi tí yóò bímọ sí. Èyí tó kẹ́yìn yẹn la kì í rántí. Awọ́nríwọ́n kì í ṣa oúnjẹ jẹ: ó ń jẹ ìgbín, akàn, ẹja, eku, ẹyin, àní òkú ẹran pàápàá. Ó mọ omi wẹ̀, ó mọ igi gùn. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ yíyé ẹyin, kì í ṣe ibi gbogbo ló ń tẹ́ ẹ lọ́rùn. Òkìtì ọ̀gán tí ikán ṣì ń gbé inú rẹ̀ ló ń wá. Nígbà tí òjò bá ti mú kí òkìtì náà rọ̀, á fi èékánná gbẹ́ ihò sí i lára, á yé ẹyin sínú rẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ikán fúnra wọn ni yóò fi amọ̀ dí ihò náà. Inú ibẹ̀ á máa móoru, á sì máa rin díẹ̀díẹ̀, oòrùn ò ní gbẹ ẹyin, ẹranko mìíràn ò sì ní tètè rí i jẹ. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ẹyin náà yóò lò níbẹ̀ kó tó pa. Ẹ wá wo iṣẹ́ katapílà: òkìtì ọ̀gán wà lára ohun tó kọ́kọ́ máa ń wó. Wọ́n á tẹ́ amọ̀ rẹ̀ sójú ọ̀nà, tẹyin tẹyin.

Àkèré ní tirẹ̀ kò fẹ́ ju omi adágún tí kò jìn lọ. Légbénlègbé, ọmọ rẹ̀, á máa mí nínú omi bí ẹja títí ẹsẹ̀ á fi hù. Bí a bá da yanrìn sí adágún yẹn lásìkò díẹ̀ tí wọ́n wà níbẹ̀, ìran ọdún náà ti lọ. Ti ejò kò le rárá: eku ló tẹ̀ lé, ààtàn wa ló sì pe eku.

Ọ̀rọ̀ yìí ju Àjùwọ̀n lọ. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí kan náà, nínú igbó ọba Ọmọ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí UNESCO ti kà mọ́ àwọn igbó tó yẹ ní dídáàbò bò láti ọdún 1977, erin ṣì wà. Nǹkan bí oṣù 22 ni erin fi ń lóyún. Ó ń rìn jìnnà wá èso àti omi, igi sì ń hù nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Agégẹdú àti olóko kòkó ti gé ọ̀nà tó ń gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́dún 2021, àjọ IUCN, tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹranko tó wà nínú ewu, ka erin inú igbó mọ́ àwọn ẹranko tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun.

Mo mọ̀ pé ènìyàn ń wá ibi tí yóò kọ́lé sí, owó ilé ní Èkó ló lé ọ̀pọ̀ wa débí. Ṣùgbọ́n àbàtà tí a ń dí yìí ló ń gba omi dúró nígbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn ìsédò Ọ̀yán, tí omi rẹ̀ ń wọnú Odò Ògùn. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí ẹgbẹ́ onílé àti ọmọ onílẹ̀ jọ lọ sí etí odò, kí wọ́n kan èèkàn sẹ́yìn igi ògùrọ̀ tó kù níbẹ̀, kí títa ilẹ̀ sì dúró síbi èèkàn náà.