Lílé Eku Méjì Lẹ́ẹ̀kan Náà

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì a pòfo. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n tẹjú mọ́ fóònù láti Ìkọ̀tún dé Ẹgbẹ́dá, láti Ìdímù dé Ìgàǹdò ní Alímọ̀ṣọ́, tí wọ́n ń fi íntánẹ́ẹ̀tì wá Ajé Ògúgúlùsọ̀ kiri, a ti ń gbọ́ pé ọgbọ́n kan wà tí èèyàn fi ń lé méjèèjì, tí èyíkéyìí tó bá fò jáde yóò bọ́ sí i lọ́wọ́. Straddle ni wọ́n ń pè é.

Bó ṣe rí nìyí. Bí ṣíà ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà bá wà ní dọ́là 100, oníṣòwò yóò ra ẹ̀tọ́ láti rà á ní dọ́là 100, yóò sì tún ra ẹ̀tọ́ láti tà á ní iye kan náà, ọjọ́ kan náà ni méjèèjì yóò sì parí. Kò di dandan kó lo ẹ̀tọ́ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n owó tó fi rà wọ́n kò ní padà, bí àsansílẹ̀ ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ tó sì yí ọkàn padà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ dọ́là 4, tí àdéhùn kan sì kó ṣíà 100, dọ́là 800 ti jáde lápò rẹ̀. Àfi kí ṣíà náà kọjá 108, tàbí kó já wálẹ̀ ju 92 lọ, kó tó rí èrè jẹ ní ọjọ́ ìparí. Ẹni tó ń ta ẹ̀tọ́ náà kì í sì í ṣe òmùgọ̀: bí ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ yóò kéde èrè rẹ̀ bá ti ń súnmọ́lé, yóò fowó lé e. Ìdí nìyí tí ṣíà fi lè fò, tí olùrà yóò sì tún pàdánù.

Síbẹ̀, olùrà mọ ibi tí àdánù rẹ̀ mọ. Olùtà ni àánú rẹ̀ ṣe mí. Nick Leeson kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tó ń ṣòwò ní Singapore fún Barings, báńkì Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1762. Ó ti ń fi àdánù pamọ́ sínú àkáǹtì 88888, ó sì ń ta straddle lórí ọjà ṣíà Japan kó lè rówó dí ihò náà, nítorí pé bí ọjà bá dúró jẹ́ẹ́, owó àwọn olùrà di tirẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù January 1995, ilẹ̀ mì tìtì ní Kobe, ọjà ṣíà sì wó. Dípò kó jẹ́wọ́, ńṣe ló tún ń ra àdéhùn sí i lórí ọjà náà, ní ìrètí pé yóò gbérí. Àdánù náà di mílíọ̀nù 827 pọ́n-ùn. ING ti ilẹ̀ Netherlands sì ra báńkì ọlọ́jọ́ pípẹ́ náà ní pọ́n-ùn kan péré.

Níhìn-ín, nígbà tí NGX, ọjà ṣíà Nàìjíríà, ṣí irú ọjà àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní 2022, kì í ṣe ẹ̀tọ́ rírà àti títà lórí ṣíà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń pè ní straddle ni kí wọ́n fi àṣẹ rírà sókè iye tí ọjà wà, kí wọ́n fi àṣẹ títà sísàlẹ̀ rẹ̀, ṣáájú ìròyìn ìgbanisíṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tó sábà máa ń jáde ní Friday àkọ́kọ́ nínú oṣù. Iye owó a gbọ̀n sókè, a gbọ̀n sísàlẹ̀, a gbá méjèèjì mú, oníṣòwò a sì pàdánù lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Alímọ̀ṣọ́, ẹni tí kò bá lè ṣe kó má ṣe é nínú yín, kó ra ẹ̀tọ́, kó má tà á. Kó má sì fi owó àjọ tàbí owó ilé-ìwé ọmọ ṣe é.