Káàdì ló sọnù, orúkọ ò bá a lọ

Bí ìbò bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan báyìí, ìgbà yẹn lẹ máa rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń tú àpótí, tí wọ́n ń gbé bẹ́ẹ̀dì sókè sódò. Káàdì ìdìbò ni wọ́n ń wá. Bàbá á ní ìyá ló kó o pa mọ́, ìyá á ní bàbá ló mú un dání lọ sí báńkì, àwọn ọmọ á wá máa wojú ara wọn. Bí wọ́n bá sì rí i, eku ti lè jẹ etí ẹ̀, tàbí kí àwòrán ara ẹ̀ ti pa rẹ́. Ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní í rí i rárá, nítorí àwọn olè ti yọ pọ́ọ̀sì ẹ̀ lápò ní Òṣòdì látọdún tó kọjá, ó kàn gbàgbé ni.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń di wàhálà. Àwọn kan á ní ó ti parí nìyẹn, wọ́n á jókòó sílé. Àwọn kan á sì gbọ́n àgbọ́njù. Ọmọṣẹ́ á sọ fún ọ̀gá ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù pé, “Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ níbòmíì bí ẹni tí ò ṣe é rí. Ta ló máa mọ̀?”

Kọ̀ǹpútà máa mọ̀. Nígbà téèyàn ń forúkọ sílẹ̀, àjọ elétò ìdìbò, INEC, ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n sì gba ìtẹ̀ka ẹ̀. Téèyàn bá yí orúkọ padà, kò lè yí ìka padà. Àwọn 12,298,944 ló forúkọ sílẹ̀ parí nínú ètò tó kásẹ̀ nílẹ̀ lóṣù keje, ọdún 2022. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n dá 2,780,756 nù. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì wà nínú wọn, àwọn ọmọdé tí ọjọ́ orí wọn ò tó náà sì wà níbẹ̀. Òfin ìdìbò tọdún 2022, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn, tiẹ̀ ka irú ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀: owó ìtanràn tó lè tó 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé káàdì yàtọ̀ sí orúkọ. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Abẹ́òkúta. Lọ́jọ́ 10, oṣù kọkànlá, ọdún 2022, àwọn jàǹdùkú dáná sun ọ́fíìsì INEC ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Abẹ́òkúta. Káàdì 65,699 tí àwọn oníǹkan ò tíì wá gbà ló jóná síbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé orúkọ máa ń bá káàdì jóná ni, gbogbo wọn ì bá ti di ẹni tí ò forúkọ sílẹ̀ rí. Àmọ́ àkọsílẹ̀ wọn wà nínú kọ̀ǹpútà àjọ náà. Káàdì nìkan ló kù tí wọ́n máa tún tẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ò tó o. Òfin 2022 yẹn sọ nígbà náà pé kéèyàn mú káàdì ẹ̀ dání wá sí ibùdó ìdìbò. Ẹni tí káàdì ẹ̀ bá sọnù, tó ya, tàbí tó bà jẹ́, kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ sí ọ́fíìsì INEC ní ìjọba ìbílẹ̀ ẹ̀, kó ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀. Tó bá ya ni, kó mú èyí tó ya náà dání. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ṣe òmíì fún un, wọ́n á sì kọ REPLACEMENT sí i lára. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú owó wá, tara ẹ̀ ló ń ṣe. Ẹni tó kó kúrò ládùúgbò náà ò gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lákọ̀tun, ṣe ni kó ní kí wọ́n gbé orúkọ òun wá síbi tóun wà báyìí.

Àsìkò gan-an lolórí ọ̀rọ̀. Nígbà tí òfin 2022 wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ní ó pẹ́ tán, kó ku 90 ọjọ́ sí ìbò kéèyàn tó béèrè. Ìbò ààrẹ ọdún 2023 wáyé lọ́jọ́ 25, oṣù kejì. Ẹni tí wọ́n yọ káàdì ẹ̀ lápò nígbà ọdún Kérésì ọdún 2022, ó ti bọ́ sórí.

Àwọn kan tún wà tí káàdì wọn ò sọnù o, wọ́n tà á ni. Wọ́n gbowó lọ́wọ́ olóṣèlú, wọ́n wá ń pariwo pé àwọn ò rí i mọ́. Ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á, nígbà tí òfin 2022 wà lẹ́nu iṣẹ́, ìtanràn tó lè tó 500,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló wà fún wọn nígbà náà, ó sì lè jẹ́ méjèèjì.

Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa bú ìjọba lẹ́yìn ìbò, kó lọ wo àpótí ẹ̀ lónìí. Bí káàdì bá wà níbẹ̀, kó kọ nọ́ńbà ara ẹ̀ síbòmíì. Bí ò bá sí níbẹ̀, ọ́fíìsì INEC ò jìnnà.