Fíúsì Ni Kí A Kọ́kọ́ Rà



Ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń pè ní eré ọmọdé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ọkọ̀ ojú irin àwòṣe, tí a ń tò sórí tábìlì, tí ó sì ń fi agbára iná mànàmáná rìn. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Amẹ́ríkà, àwọn àgbàlagbà ni wọ́n fi í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ìgbà ìsinmi wọn. Àwọn ti Amẹ́ríkà tilẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀ láti ọdún 1935. Oríṣi tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ní ayé kéré ju ọkọ̀ gidi lọ ní ìlọ́po 87, àlàfo àárín irin rẹ̀ méjèèjì kò sì ju mìlímítà 16.5 lọ.

Ìdí tí mo fi mú un wá síwájú yín ni pé, bí a bá di olùkọ́, ohun díẹ̀ ni ó lè mú ẹ̀kọ́ iná yé ọmọ bí irú tábìlì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé, "Fóltì 12 péré ni, kí ni ó lè ṣe?" Ìdajì òtítọ́ ni wọ́n sọ. Fóltì 12 kì í sábà gbé ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí kò lè ṣe ọwọ́, ó lè ṣe wáyà. Bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ní ọ̀nà àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ ṣì ń lò, iná ojú irin a máa pọ̀ sí i tàbí kí ó dín kù gẹ́gẹ́ bí eré tí a fẹ́ kí ọkọ̀ sá. Ní ọ̀nà tuntun tí a ń pè ní DCC, ojú irin a máa kún fún iná nígbà gbogbo. Àṣẹ nìkan ni a ń rán sí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan. Bí fóltì bá jẹ́ 15, tí ẹ̀rọ sì lè tú ámpíà 5 jáde, wáàtì 75 nìyẹn. Irin gbígbóná kékeré tí oníṣẹ́ rédíò fi ń yọ́ òjé kì í sábà ju wáàtì 40 lọ! Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan bá yẹ̀, tí ó sì so irin méjèèjì pọ̀, ohun tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní ṣọ́ọ̀tì dé. Bí ohunkóhun kò bá sì já iná náà kíákíá, ike abẹ́ ọkọ̀ yóò yọ́.

Fíúsì tàbí bírékà ni í já a. Níhìn-ín ni mo ti ní láti jẹ́wọ́. Fíúsì mi já lẹ́ẹ̀mejì ní alẹ́ ọjọ́ kan. Sùúrù mi tán, mo sì fi wáyà bàbà lásán dí ipò rẹ̀. Ọkọ̀ rìn, inú mi sì dùn. Kò pẹ́ tí òórùn ike jíjóná fi gba iyàrá. Wáyà tín-ín-rín tí ó wà lábẹ́ tábìlì ti yọ́ mọ́ igi. Fíúsì náà kò ní àléébù kankan. Òtítọ́ ni ó ń sọ fún mi, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé wáyà tí ó tín-ín-rín jù lọ ni a ń wò kí a tó yan fíúsì, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tí ó ń jẹ iná jù lọ. Kí a pín ojú irin sí ìpín, kí ìpín kọ̀ọ̀kan sì ní bírékà tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ ńlá bá jẹ́ ámpíà 5, kí ti ìpín jẹ́ 3, kí àṣìṣe ọkọ̀ kan má baà dá gbogbo wọn dúró. Lẹ́yìn náà, kí a fi owó ẹyọ kan dábùú irin méjèèjì ní ìpín kọ̀ọ̀kan, pàápàá níbi tí ó jìnnà jù lọ. Bí bírékà bá já lójú ẹsẹ̀, ó dára. Bí kò bá já, wáyà náà tín-ín-rín jù, tàbí kí ìsopọ̀ kan má dúró dáadáa. Iná ń di ooru lójú ọ̀nà.

Àwọn kan a máa fi gílóòbù mọ́tò fóltì 12 ṣe ààbò, nítorí owó rẹ̀ kò pọ̀. N kò kẹ́gàn wọn: yóò tàn nígbà tí ṣọ́ọ̀tì bá dé, a ó sì rí i. Ṣùgbọ́n kì í já iná. Dídín ni ó ń dín in kù. Bírékà tòótọ́ ni èmi fara mọ́.

Ní ti súìṣì, iṣẹ́ tí yóò ṣe ni kí a fi yàn án, kì í ṣe ẹwà rẹ̀. Níbi tí ojú irin ti pínyà, oríṣi mọ́tò méjì ni ó wọ́pọ̀. Ti àkọ́kọ́, tí a fi okùn bàbà ká, a máa ta irin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Súìṣì tí í padà fúnra rẹ̀ ní kété tí a bá gbé ọwọ́ kúrò ni ó tọ́ sí i; bí iná bá pẹ́ lórí rẹ̀, okùn náà yóò jóná. Èkejì a máa rọra ti irin, a sì máa wà nínú iná láìjóná, nítorí kì í sábà gbà ju nǹkan bí miliámpíà 15 lọ. Súìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, tí í yí ọ̀nà iná padà, ni tirẹ̀.

Kí a sì ka ohun tí a kọ sí ara súìṣì. Iná AC a máa lọ, a sì máa bọ̀, nítorí náà ìpẹ́pẹ́ iná tí ó ta nínú súìṣì a máa tètè kú. Iná DC kì í sinmi, ìpẹ́pẹ́ rẹ̀ a sì máa jẹ irin súìṣì. Ámpíà tí a kọ fún AC kò ṣeé gbára lé fún DC.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe tú ẹ̀rọ tí í gba fóltì 230 láti ara ògiri. Ibẹ̀ ni eré parí sí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ tí a bá gbé tábìlì yìí kalẹ̀ níwájú rẹ̀ kò ní béèrè bóyá a ra fíúsì. Ó gbẹ́kẹ̀ lé wa ni. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó ra méjèèjì, kí ó ra fíúsì ná. Ẹ́ńjìnnì yóò dúró dè é lọ́jà.